Wàsírì Muhammadu Buhari àti Àwùjọ Sókótó Lẹ́yìn Ìṣubú Ọdún 1903

ÌFÁÁRÀ

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1903, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú Sókótó. Ìjà náà kò ju òwúrọ̀ kan lọ. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Amiru-l-Muminin Muhammadu Attahiru Kìíní ti fi ìlú sílẹ̀, ó ti kọjú sí ìlà-oòrùn pẹ̀lú àwọn tí ó tẹ̀lé e. Báyìí ni ìjọba tí jíhàdí Shehu Uthman dan Fodio (kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ) gbé kalẹ̀ láti ọdún 1804 ṣe pàdánù òmìnira rẹ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe ja ogun náà ti di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà gbé yẹ̀wò ni ọjọ́ kejì ogun. Nígbà tí ọba ti lọ, tí ọ̀tá sì wà nínú ìlú, ta ni yóò ṣe ìdájọ́ láàárín ẹni méjì tí ó ń du ilẹ̀? Ta ni yóò gba sàká? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa gbé lábẹ́ àṣẹ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tàbí dandan ni kí ó di ẹrù rẹ̀ kí ó ṣe híjírà? Ẹni tí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí rọ̀ mọ́ lọ́rùn jù lọ ní Sókótó ni Wàsírì Muhammadu Buhari ọmọ Ahmad, tí ó wà lórí oyè láti ọdún 1886 títí di ọdún 1910. Kì í ṣe ẹni kan náà pẹ̀lú ọ̀gágun tí ó jẹ́ orúkọ yìí tí ó ṣe olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Orúkọ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ìgbésí ayé Wàsírì náà kí ó lè hàn bí àwùjọ tí ogun ṣẹ́ ṣe ń yí padà. Kókó rẹ̀ ni pé ìpadàbọ̀ Wàsírì sí Sókótó gba ẹ̀sìn àti ìmọ̀ lọ́wọ́ ìtúká, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ẹnu gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ inú òfin, oko àti agbo ilé láàárín ọdún mẹ́ta, títí tí kò fi rọrùn mọ́ láti mọ ibi tí ti ẹnu parí sí àti ibi tí ti ọkàn ti bẹ̀rẹ̀.

ÌRAN ÀTI IPÒ RẸ̀

Ìdílé Wàsírì Buhari kì í ṣe ìdílé kékeré nínú ìtàn Sókótó. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Gidado dan Laima, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ àti Wàsírì Muhammad Bello, ọmọ Shehu, tí ó jọba láti ọdún 1817 títí di ọdún 1837. Gidado yìí ni ọkọ Nana Asma'u, ọmọ Shehu lóbìnrin, ẹni tí ewì rẹ̀ àti ètò tí ó ṣe fún ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin sọ di olókìkí títí di òní. Láti ìgbà Gidado ni oyè Wàsírì kò ti kúrò nínú ìdílé náà mọ́. Nítorí náà, inú ilé tí ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ ìlú ti jọ ń gbé ni wọ́n bí Muhammadu Buhari sí.

Iṣẹ́ Wàsírì ní Sókótó ju ti agbaninímọ̀ràn lásán lọ. Ìjọba náà pín sí apá méjì. Sókótó ni ó ń bojú tó apá ìlà-oòrùn, níbi tí Kánò, Sááríà, Katsina, Bauchi àti Adamawa wà. Gwandu, níbi tí Abdullahi àbúrò Shehu fìdí kalẹ̀ sí, ni ó ń bojú tó apá ìwọ̀-oòrùn, tí Núpé àti Ìlọrin wà nínú rẹ̀. Ní apá ìlà-oòrùn yìí, Wàsírì ni afárá láàárín Amiru-l-Muminin àti àwọn Ẹ́míà. Òun ni ó ń gba lẹ́tà wọn, tí ó ń fèsì sí i, tí ó ń parí ìjà láàárín wọn, tí ó sì ń lọ wé láwàní fún ẹni tí wọ́n bá yàn. Ilé rẹ̀ wá di ibi tí ìwé ìjọba ń gbé.

Ọ̀rọ̀ Kánò ní ọdún 1893 fi irú ènìyàn tí ó jẹ́ hàn. Nígbà tí Muhammad Bello, Ẹ́míà Kánò, kú ní ọdún náà, Wàsírì Buhari dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi Yusuf jẹ. Amiru-l-Muminin Abdurrahman kò gbà; Tukur, ọmọ olóògbé náà, ni ó fọwọ́ sí. Wàsírì pa èrò tirẹ̀ mọ́ra, ó sì fi Tukur joyè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rán an. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò. Yusuf kú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n pa Tukur ní ọdún 1895, Aliyu tí ó wà ní ìhà ti Yusuf ni ó sì gba ìtẹ́. Wàsírì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí Mùsùlùmí bá gbé idà sí Mùsùlùmí, ó sì rí i pé ìgbọràn nìkan kì í dá ogun dúró. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni ó gbé wọ ọdún 1903.

BÍ OGUN ṢE DÉ

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò dé Sókótó lójijì. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida. Ní oṣù kejì, wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin. Àwọn ìlú méjèèjì wà lábẹ́ Gwandu, ìṣubú wọn sì ni àmì àkọ́kọ́ pé ògiri ilé ti lanu. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, Frederick Lugard gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà gẹ́gẹ́ bí Kọmíṣọ́nnà Àgbà fún Àríwá Nàìjíríà. Láàárín ọdún méjì, wọ́n gba Kontagora, Yola àti Bauchi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902, Magaji ti Keffi pa Captain Moloney, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì sá lọ sí Kánò, níbi tí wọ́n ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni Amiru-l-Muminin Abdurrahman kú, tí Attahiru Kìíní sì gun orí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1903, Kánò ṣubú.

Nígbà tí ogun dé ẹ̀yìn odi Sókótó ní Giginya, idà, ọ̀kọ̀, ọfà àti ẹṣin ni ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń dáàbò bo ìlú. Ìbọn Maxim tí ń da ọta bí òjò àti àgbá ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀gágun Morland àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí wọn kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Kò yẹ kí òpìtàn gbójú fò ó pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà: Haúsá, Yorùbá àti Núpé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èékù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa bàbá ẹni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, èékù idà ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ Sókótó.

HÍJÍRÀ TÀBÍ ÌPADÀBỌ̀

Ọ̀nà méjì ni ó là sílẹ̀ níwájú àwọn olórí, ohun tí ó sì yẹ kí onímọ̀ ṣàkíyèsí ni pé inú ìwé Shehu ni ọ̀nà méjèèjì ti wá. Ọ̀nà kìíní ni híjírà. Nínú ìwé rẹ̀ Bayan Wujub al-Hijra, tí ó kọ ní ọdún 1806, Shehu ṣàlàyé pé ọ̀ranyàn ni kí Mùsùlùmí ṣí kúrò ní ilẹ̀ tí àwọn aláìgbàgbọ́ bá ń ṣàkóso. Èyí ni Attahiru dì mú. Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó gba ọ̀nà yìí lẹ́yìn ìṣẹ́gun òyìnbó. Ahmadu, ọmọ Shaykh Umar Tall, tí àwọn Faransé gba Segu lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1890, ti ṣí lọ sí ìlà-oòrùn títí ó fi kú sí ilẹ̀ Sókótó. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ Attahiru nínú ìrìn rẹ̀.

Wàsírì Buhari náà jáde kúrò nílùú ní ọjọ́ ìjà, ìpinnu rẹ̀ sì ni láti tẹ̀lé Amiru-l-Muminin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà pín wọn níyà. Àwọn tí ó yí i ká kì í ṣe jagunjagun nìkan. Àwọn obìnrin, ọmọdé, arúgbó, àwọn àlùfáà àti ọmọ kéú wà níbẹ̀, àwọn tí kò ní ẹṣin, tí kò sì ní oúnjẹ ọ̀nà jíjìn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kẹta. Àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rọ̀ ọ́ kí ó padà. Ó ronú sí i, ó padà, òun àti àwọn olóyè mìíràn sì lọ bá àwọn aṣẹ́gun láti bèèrè fún ààbò àwọn ará ìlú.

Èdè Yorùbá ń lo ọ̀rọ̀ náà túúbá fún ẹni tí ó juwọ́ sílẹ̀ lójú ogun. Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ fún ìronúpìwàdà ẹrú sí Olúwa rẹ̀. Ohun tí ó ń ja Wàsírì lọ́kàn ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí: bóyá ènìyàn lè túúbá fún aṣẹ́gun lójú ogun láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí Olúwa rẹ̀.

BURMI

Kí ọdún náà tó parí, ìrìn Attahiru ti dé òpin. Bí ó ṣe ń lọ sí ìlà-oòrùn ni àwọn ará abúlé ń tú jáde tẹ̀lé e, títí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé gbogbo ilẹ̀ náà yóò ṣófo. Ní oṣù karùn-ún, àwọn ará Burmi lé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ kọlù wọ́n padà. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1903, àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá pẹ̀lú agbára tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Attahiru kú níbẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ènìyàn rẹ̀. Major Marsh tí ó ṣáájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kú níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù kò padà. Wọ́n ń lọ ṣáá títí wọ́n fi dé Sùdáànì, níbi tí ọmọ Attahiru tí wọ́n ń pè ní Mai Wurno ti fìdí ìlú kan kalẹ̀ sí etí odò Náílì Búlúù. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà ń jẹ́.

Àwọn kan ti lo ikú Attahiru láti dá Wàsírì lẹ́bi, wọ́n ní ọ̀kan kú fún ẹ̀sìn, èkejì padà sínú ilé. Ìdájọ́ yẹn ti yá jù. Bí gbogbo àlùfáà bá ti kú sí Burmi tàbí tí wọ́n bá ti lọ sí Sùdáànì, ta ni ìbá kọ́ ọmọ tí ó ṣẹ́kù sí Sókótó ní Àlùkùránì? Ní ìdà kejì, bí kò bá sí ẹni tí ó kọ̀ láti juwọ́ sílẹ̀, ta ni ìbá jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn ìran tí ń bọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà?

LẸ́TÀ ALKALI GWANDU ÀTI RÍSÁLÀ WÀSÍRÌ

Ìpadàbọ̀ Wàsírì kò fún ọkàn rẹ̀ ní ìsinmi. Ó kọ̀wé sí Ahmad ọmọ Sa'd, Alkali ti Gwandu, onímọ̀ òfin tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó lè mọ ibi tí òun dúró sí nínú Ṣàríà. Èsì tí Alkali fún un dá lórí ìwé Shehu mìíràn, Masa'il Muhimma, tí Shehu kọ ṣáájú jíhàdí. Nínú ìwé yìí, Shehu pín bíbá àwọn aláìgbàgbọ́ rẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni kí ènìyàn fẹ́ràn wọn nítorí àìgbàgbọ́ wọn, kí ó sì kórìíra Mùsùlùmí nítorí Ìsìláàmù: èyí mú ènìyàn jáde kúrò nínú ẹ̀sìn. Èkejì ni kí ó bá wọn rẹ́ nítorí owó àti ohun tí yóò rí gbà: ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n kò sọ ènìyàn di kèfèrí. Ẹ̀kẹta ni kí ó fi ahọ́n gbà fún wọn nítorí ìbẹ̀rù, kí ọkàn rẹ̀ má sì gbà: èyí ni àyè wà fún. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ní Sura Al-Imran, ááyà 28, níbi tí àwọn onímọ̀ ti fa òfin takiyya yọ.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Wàsírì kọ Rísálà tirẹ̀ lé. Ó kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá, ó sì fi ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àkọlé rẹ̀ ti wí, sí àwọn onímọ̀ àti àwọn tí ń ronú jinlẹ̀. Nínú rẹ̀ ó sọ bí ìlú ṣe tú ká, bí òun ṣe jáde, ìdí tí òun fi padà, àti ohun tí àwọn aṣẹ́gun ṣèlérí. Ohun tí ó fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kò dí Mùsùlùmí lọ́wọ́ àwọn òpó ẹ̀sìn. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wà bẹ́ẹ̀, ó dúró lórí pé ahọ́n ni àwọn fi juwọ́ sílẹ̀.

Rísálà náà kò ní ohùn ẹni tí ń yọ̀. Kò pe ìṣubú ní ìṣẹ́gun, kò sì pe aṣẹ́gun ní ọ̀rẹ́. Ìwé ẹni tí ó ti ṣe ìpinnu ni, tí ó sì fẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀wé bá òun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìpinnu náà tọ́.

OHUN TÍ Ó YÍ PADÀ

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1903, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ogun, Lugard bá àwọn olóyè Sókótó sọ̀rọ̀, ó sì fi Muhammadu Attahiru Kejì joyè. Àlàyé rẹ̀ ni pé agbára tí àwọn Fúlàní fi ogun gbà ti fi ogun bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣèlérí pé ìjọba rẹ̀ kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Ìlérí yẹn ni Wàsírì dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Sókótó kì í ṣe ìrun àti ààwẹ̀ nìkan. Òun ni òfin, òun ni owó ìlú, òun sì ni ètò ìṣàkóso. Láàárín ọdún díẹ̀, ìyípadà dé bá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.

Èkíní ni ipò àwọn olórí. Amiru-l-Muminin di ẹni tí Kọmíṣọ́nnà Àgbà ń fọwọ́ sí. Ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Major Burdon, jókòó sí Sókótó. Ajẹ́lẹ̀ mìíràn jókòó sí Kánò, òmíràn sí Bauchi. Àwọn Ẹ́míà tí ń kọ̀wé sí ilé Wàsírì tẹ́lẹ̀ wá ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀ ti ìlú wọn. Iṣẹ́ tí ó sọ oyè Wàsírì di ńlá ni èyí gé kúrò. Ìwé tí ó wà nínú ilé rẹ̀ pàápàá kò bọ́: àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí lẹ́tà ìjọba níbẹ̀, wọ́n kó wọn lọ, wọ́n sì tẹ ìtumọ̀ wọn jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927. Àṣírí tí Ẹ́míà fi ránṣẹ́ sí Amiru-l-Muminin wá di ohun tí ẹni tí ó ṣẹ́gun wọn ń kà.

Èkejì ni òfin. Ilé-ẹjọ́ Alkali dúró, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún àti gbèsè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gígé ọwọ́ olè, wọn kò sì gbà kí Alkali pa ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé Ajẹ́lẹ̀ fọwọ́ sí i. Ṣàríà tí ó jẹ́ odidi tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí ẹlòmíràn ń yan apá tí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyípadà tí ó jinlẹ̀ jù wà, nítorí pé adájọ́ náà ni wọ́n ń rí, ìwé òfin kan náà ni ó ṣí síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ ti wá ti yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó orí àti ilẹ̀. Àwọn olóyè tí ń gbé Sókótó, tí wọ́n ń rán aṣojú lọ gba owó ní abúlé, ni ìjọba ní kí wọ́n lọ máa gbé àgbègbè tí wọ́n ń ṣàkóso. Láti ọdún 1904, òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣiríṣi owó tí àwọn àgbẹ̀ ń san pọ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì ń lọ sí àpò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, owó oṣù rọ́pò ìpín àti ẹ̀bùn. Olóyè di òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹrú, èyí tí ó wọ inú gbogbo agbo ilé. Àwọn òpìtàn ṣírò pé àwọn ẹrú tí ó wà nínú ìjọba Sókótó lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti kéde pé ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1901 kì í ṣe ẹrú. Wọ́n fòfin de kíkó àti títa ẹrú, ṣùgbọ́n wọn kò tú àwọn tí ó wà lọ́wọ́ olówó wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin tí ó fi òpin sí ipò ẹrú pátápátá kò jáde títí di ọdún 1936. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àwọn ẹrú kò dúró de òfin. Bí àwọn olówó wọn ṣe pàdánù ogun ni wọ́n fi oko sílẹ̀ tí wọ́n sì lọ. Àwọn mìíràn gba iwájú Alkali, wọ́n ra ara wọn padà lọ́nà tí Ṣàríà là kalẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìtìjú fún olóyè jẹ́ ìlẹ̀kùn tí ó ṣí fún ẹrú. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn ìṣubú Sókótó láìka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn, ìdajì ìtàn ni ó ń sọ.

SATIRU

Àwọn tí ìyípadà yìí tú káàkiri ni ó pọ̀ jù ní Satiru, abúlé kan tí kò jìnnà sí Sókótó. Àwọn ẹrú tí ó sá lọ àti àwọn àgbẹ̀ aláìní kóra jọ síbẹ̀ lábẹ́ àwọn aṣáájú tí ń retí Mahdi. Dan Makafo, ọkùnrin afọ́jú kan, wà lára wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1906, àwọn ará Satiru ṣẹ́gun ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá bá wọn. Òyìnbó mẹ́ta ni wọ́n pa, Hillary tí ó ń dele fún Ajẹ́lẹ̀ sì wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà kú.

Fún ọjọ́ mélòó kan, Gẹ̀ẹ́sì kò ní agbára tí ó pọ̀ tó ní Sókótó. Bí àwọn olóyè bá fẹ́ yí padà, ìgbà yẹn ni. Wọn kò yí padà. Attahiru Kejì àti àwọn aláṣẹ Sókótó dúró ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kó ènìyàn jọ láti bá Satiru jà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, àwọn ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá pa Satiru run. Àwọn òpìtàn ṣírò àwọn tí ó kú sí nǹkan bí 2,000. Wọ́n mú Dan Makafo, ilé-ẹjọ́ Mùsùlùmí ní Sókótó dá ẹjọ́ ikú fún un, wọ́n sì pa á ní gbangba ọjà.

Ọ̀ràn yìí ni ó dán Rísálà Wàsírì wò jù. Àwọn onímọ̀ Sókótó ní ìdí tí wọn kò fi gba ọ̀rọ̀ Mahdi náà gbọ́: lójú wọn, ọlọ̀tẹ̀ tí ń ya ìjọ Mùsùlùmí ni àwọn ará Satiru, ìrántí Kánò ọdún 1893 kò sì tíì jìnnà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà tí a kò lè fi pamọ́. Àyè tí Shehu fi sílẹ̀ nínú ọ̀nà ẹ̀kẹta jẹ́ àyè fún ahọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ní Satiru, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ahọ́n, ó ti dé ọwọ́, ọwọ́ náà sì dé ara Mùsùlùmí. Àwọn olóyè tí wọ́n pàdánù ẹrú wọn náà ní èrè nínú ìparun ibi tí ẹrú ń sá lọ. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìbẹ̀rù àti èrè, tí Shehu yà sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀.

ÌGBẸ̀YÌN AYÉ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Satiru, ní ọdún 1910, ni Wàsírì Muhammadu Buhari jáde láyé. Ó fi ilé-kéú tí ó ṣì ń kọ́ ọmọ sílẹ̀, ó fi ilé-ẹjọ́ Alkali tí ó ṣì ń jókòó sílẹ̀, ó sì fi ọmọ kan sílẹ̀ tí wọ́n bí ní ọdún Satiru gan-an, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Junaidu.

Àwọn ìyípadà tí ó bẹ̀rẹ̀ lójú Wàsírì kò dúró lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé bóòkù, ìyẹn Haúsá tí wọ́n ń fi lẹ́tà òyìnbó kọ, ń gba iṣẹ́ ọ́fíìsì díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àjámì. Ní ọdún 1934, ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ ní Kánò láti kọ́ àwọn adájọ́ Ṣàríà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ilé àlùfáà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1960, òfin ìwà ọ̀daràn tuntun gba ipò Ṣàríà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ní gbogbo Àríwá. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Sókótó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn dá a padà láti ọdún 1999 sí 2000 lọ, àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọdún 1903 kò tíì parí.

Ìmọ̀ kò kúrò nínú ilé náà. Junaidu di Wàsírì ní ọdún 1948, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1997. Ó kó ìwé ìran rẹ̀ jọ, ó kọ ìtàn, ó sì ṣí ilé ìkàwé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Ní ọdún 1968, R. A. Adeleye tẹ Rísálà Wàsírì Buhari jáde pẹ̀lú àlàyé nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn Nàìjíríà, ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ní ọdún 1971, nígbà tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sááríà fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Wàsírì Junaidu lọ́lá, kò fi ìdúpẹ́ nìkan dá wọn lóhùn. Ó bi wọ́n bóyá ìmọ̀ tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni ní gbòǹgbò nínú àwùjọ tí ó yí i ká. Ìbéèrè bàbá ni ọmọ tún bèèrè: kí ni ó ṣì jẹ́ tiwa nínú ohun tí a gbà?

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ìgbésí ayé Wàsírì Muhammadu Buhari fi hàn pé ìjuwọ́sílẹ̀ kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1903 ni Sókótó pàdánù ogun. Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó pinnu ohun tí Sókótó yóò dà. Ìrun kò dáwọ́ dúró, ohùn àwọn ọmọ kéú kò sì pa rẹ́. Ibi tí agbára adájọ́ ti ń wá ni ó yí padà. Àpò tí sàká àti owó orí ń wọ̀ náà yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí ẹrú àti ìgbéraga olóyè. Àwọn kan jèrè níbi tí àwọn mìíràn ti pàdánù, kò sì tọ́ kí òpìtàn Mùsùlùmí fi ẹkún olóyè bo ìdùnnú ẹni tí ó gba òmìnira mọ́lẹ̀.

Ní ti ìdájọ́ lórí Wàsírì fúnra rẹ̀, ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1903 ní ẹ̀rí nínú ìwé àwọn onímọ̀, ó sì ní èso tí gbogbo ayé ń rí. Ohun tí àwọn aláṣẹ Sókótó ṣe ní ọdún 1906 kò rọrùn láti gbé lé orí ẹ̀rí kan náà. Takiyya jẹ́ àgọ́ tí ènìyàn pa sí ojú ọ̀nà nínú ìjì. Bí ènìyàn bá pẹ́ nínú àgọ́ jù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì rò pé ilé baba wọn ni. Ewu yìí kò ti ọ̀dọ̀ aṣẹ́gun nìkan wá. Inú àárẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni ó ti ń hù jáde.

Ó ṣe pàtàkì pé Wàsírì kò kọ Rísálà rẹ̀ sí Lugard, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ ọ́ sí Ajẹ́lẹ̀ láti fi wá ojú rere. Àwọn onímọ̀ ni ó kọ ọ́ sí. Ó gbà pé aṣẹ́gun lè gba ìlú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ lórí ohun tí òun ṣe ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ ìwé Ọlọ́hun. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Wàsírì Muhammadu Buhari, kí Ó kẹ́ Attahiru tí ó kú sí Burmi, kí Ó sì ṣàánú gbogbo àwọn tí ogun àti ẹ̀yìn ogun gbé lọ. Àmín.